Lórí Ọ̀rọ̀ Alákòóso Tí O Ní Kí N Gbà sí Ilé Àlejò Wa

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ṣé àtẹ̀gùn gíga tí ẹ máa ń gùn lọ sílé yín kò tíì ba orúnkún ọkọ rẹ jẹ́? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín, ẹ ó máa jáde ire, ẹ ó sì máa bá ire nílé. Àwa náà wà dáadáa. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n má jẹ́ kí ìbínú mi pọ̀ jù nínú lẹ́tà yìí. Mo gbọ́ ohun tó sọ. Àmọ́ inú ń bí mi, àkọ́bí mi, inú ń bí mi gan-an ni, ìwọ gan-an lo sì bí mi nínú.

Akọ̀wé ló ń bá mi kọ ọ́, àgbàlagbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kóòtù, tó ti ń gbé yàrá kìíní wa láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. O mọ̀ ọ́n. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, kó má bá mi tún un ṣe, torí bó bá ti tún ọ̀rọ̀ mi ṣe báyìí, ìbínú inú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yọ dànù. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù o, àmọ́ bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, o máa ń já lù mí, wàá ní kí n jẹ́ kí o ṣàlàyé, àlàyé náà á gùn títí fóònù á fi kú mọ́ mi lọ́wọ́. Lẹ́tà dára. Kò sí ẹni tó lè já lu lẹ́tà.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Ìyàwó onígbàjámọ̀ ti bí ọkùnrin, orí ọmọ náà kún fún irun, bàbá rẹ̀ sì ti ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òjò ti ń rọ̀. Fáànù yàrá kẹta ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so sínú oòrùn. Orúnkún ìyá rẹ ti rọlẹ̀ díẹ̀. Má tíì béèrè bóyá a rí iṣẹ́ Ọ̀gá Awọnlẹ̀ gbà tàbí a ò rí i gbà. Màá sọ ọ́ níbi tó bá ti yẹ kí n sọ ọ́. O ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

O mọ bí nǹkan ṣe wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti la ọ̀nà tuntun gba òdìkejì ìlú, ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gba iwájú wa mọ́. Nínú yàrá mẹ́fà, Akọ̀wé nìkan ló ń sùn nínú ọ̀kan, márùn-ún ṣófo. Ìyá rẹ ti sọ ọ́ fún mi láìfi bò pé bí oṣù yìí bá fi parí tí kò sí ẹni tó gba yàrá, àfi kí a ti ilẹ̀kùn, kí a wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ. Ó tilẹ̀ sọ fún mi pé ọkọ rẹ ti kó ẹrù kúrò nínú yàrá kan dè wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ. Àmọ́ mo ti gbé ọ̀dọ̀ yín rí, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mo jókòó sórí àga, ẹnì kan ní kí n gbé ẹsẹ̀ sókè kí òun gbálẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ sókè, ó gbálẹ̀ tán, mo gbé e sílẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Bàbá mi kò jókòó bẹ́ẹ̀ rí àfi ọjọ́ tó ṣàìsàn.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí Ọ̀gá Awọnlẹ̀ dé, ọkùnrin tí òun àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ wọn ilẹ̀ ibi tí wọ́n máa gbé afárá kọjá. Ó ní yàrá márùn-ún ni òun ń wá, oṣù mẹ́fà. Márùn-ún gan-an! Ó wo ilé wa, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Wọ́n ní orí ayélujára ni àwọn ti gbọ́dọ̀ rí ilé, kí àwọn rí yàrá tó ṣófo, kí àwọn kọ orúkọ síbẹ̀. Ilé àlejò kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà tuntun sì ti ní tirẹ̀. Mo pè ọ́, o ní kí n má ṣèyọnu, o ní o máa ṣí ìkànnì fún wa, ojúlé tí gbogbo ayé máa ti rí ilé wa. Mo gbàdúrà fún ọ lọ́jọ́ náà. Àdúrà yẹn ṣì dúró, n kò gbà á padà.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ rẹ wọlé sórí fóònù Akọ̀wé. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á sí mi létí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. O ní kí ìkànnì tó lè dúró dáadáa, a nílò alákòóso àkóónú. O ní o ti yẹ mẹ́ta wò, kí n yan ọ̀kan kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Mo bi Akọ̀wé pé kí ni wọ́n ń pè ní àkóónú. Ó ní ohun tí a kó sínú nǹkan ni. Mo ní nínú kí ni. Ó ronú díẹ̀, ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé àlejò la ń sọ, nínú ilé náà ni.

Mo dìde dúró. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣàkóso ohun tó wà nínú ilé yìí. Mo mọ bẹ́ẹ̀dì tó le, mo mọ ìrọ̀rí tí ojú rírán rẹ̀ ti tú, mo mọ̀ pé bí o kò bá gbé ilẹ̀kùn yàrá kẹrin sókè díẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ní yí. Èmi lo wá fẹ́ gba máníjà lé lórí! Ó sì wá jẹ́ pé ẹni mẹ́ta lo kó jọ, o ní kí n fọwọ́ ara mi yan ẹni tó máa wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní ó dáa. Mo ní kí Akọ̀wé fi èsì ránṣẹ́ sí ọ pé kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fojú kàn mí lọ́jọ́ Ajé, kí kálukú mú lẹ́tà ibi tó ti ṣiṣẹ́ rí wá, kí wọ́n sì jẹun kí wọ́n tó kúrò nílé.

Èsì tí o fi ránṣẹ́ padà ni àwòrán ojú róbótó kan tó ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Akọ̀wé fi hàn mí. Mo bi í pé èwo nìyẹn nínú àwọn mẹ́ta. Kò mọ̀. Mo ní ẹni tó wù kó jẹ́, kí wọ́n má mú un wá, torí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín báyẹn kò lè gba owó lọ́wọ́ àlejò.

Ọjọ́ Ajé, mo wẹ̀, mo wọ ẹ̀wù tí o rà fún mi, mo gbé àga mẹ́ta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn fi kúrò lórí páànù. Ẹnì kankan kò wá. Ìyá rẹ gba iwájú mi kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin, nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún ó ní ṣé àwọn máníjà náà ti jókòó sórí àga ni, tí òun ni kò rí wọn. Mo kó àga wọlé.

Ọjọ́ kejì, èmi àti Akọ̀wé fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ Ìyá Kọ̀ǹpútà, obìnrin tó ń tẹ ìwé ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò gbà ju àga méjì lọ, torí náà Akọ̀wé dúró. Mo ka orúkọ àwọn mẹ́ta náà fún un, mo ní ṣé ó mọ̀ wọ́n. Ó ní òun mọ gbogbo wọn. Mo ní èwo ló ṣeé fi ilé lé lọ́wọ́ nínú wọn, ta ni kì í mutí. Àkọ́bí mi, obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó ní Bàbá Onílé, ẹ má bínú, wọn kì í ṣe ènìyàn. Ó ní ètò inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n. Òun ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ sórí ìkànnì, òun ni wọ́n fi ń to àwòrán, òun ni wọ́n fi ń fi hàn pé yàrá yìí ṣófo, yàrá yẹn ti ní ẹni tó gbà á, kí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè máa tún ìkànnì rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀.

Mo ní ṣé wọ́n ń gbowó. Ó ní àwọn kan ń gbà lóṣooṣù. Mo ní ohun tó bá ń gbowó oṣù, tó ń mójú tó yàrá, máníjà ni, ì báà má ní ẹsẹ̀. Mo ní kó jókòó kó sọ ìwà wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni Àkọ́kọ́ ni ẹni tí ìwọ fẹ́ràn. Ó ní ìyẹn máa ń gbé ilé tirẹ̀ wá ni, tòun ti ọ̀dà lára ògiri, tòun ti àga. Kò sí iṣẹ́ tí èèyàn máa ṣe. Owó oṣù ló ń gbà, oṣù tí o kò bá sì san án, á ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹrù rẹ. Mo ní bí mo bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ńkọ́, ṣé màá lè kó ẹrù mi jáde? Ó ní mo lè rí ọ̀rọ̀ mi kó, àmọ́ gbogbo bí mo ṣe tò ó, ibẹ̀ ni màá fi sílẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni màá sì ti tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní ayálégbé ló fẹ́ sọ mí dà nìyẹn. Èmi tí mo ti ń gba àwọn èèyàn sílé láti ìgbà tí o ti ń fi orúnkún rìn!

Ẹnì Kejì, ó ní ọ̀fẹ́ ni. Mo ní kí ló ṣe é tó fi jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó ní kò sí ohun tó ṣe é, àwọn èèyàn káàkiri ayé ló para pọ̀ ṣe é, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Àmọ́ kò nílé. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ gba ilé fún un lọ́dọọdún, lọ́dọ̀ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa gba ìkànnì lálejò. Ibẹ̀ yẹn ni inú ti tún bí mi. Èmi ni mò ń gba àlejò, màá tún wá lọ sanwó fún ẹlòmíràn kó gbà mí lálejò! Ó ní kí n fara balẹ̀. Ó ní ó tún ń fẹ́ àmójútó, àtúnṣe máa ń yọ lára rẹ̀ lóòrèkóòrè, bí èèyàn kò bá sì ṣe é, olè á gba ojú fèrèsé wọlé. Mo ní bí ilé ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Mo ní bí ó bá jẹ́ tèmi, bí mo bá kan ìṣó mọ́ ògiri rẹ̀, ta ló máa bá mi wí? Ó ní kò sí.

Ẹnì Kẹta, ó ní ìyẹn máa ń yọ nínú owó àlejò kọ̀ọ̀kan, àti pé àárín ilé àlejò àwọn ẹlòmíràn ló máa to tiwa sí, bí àlejò bá ń wo tiwa lọ́wọ́, á máa fi tàwọn tí owó wọn kéré ju tiwa lọ hàn án. Mo ní kó má parí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó máa dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, tí á máa júwe ilé ẹlòmíràn fún àlejò mi, n kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ibi tí a jókòó sí náà ló ti tẹ nǹkan, ló bá ní ó dà bíi pé o ti gba Ẹni Àkọ́kọ́ wọlé ná, fún ìdánwò ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ó ní ìkànnì wa ti ṣí sílẹ̀. Ó ní kódà àlejò mẹ́tàlélógójì ló wá lánàá.

Mẹ́tàlélógójì! Lánàá tí mo fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀! Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Mo délé, mo bi ìyá rẹ, ó ní ẹnì kan ṣoṣo tó yà lọ́dọ̀ wa lánàá ni ẹni tó béèrè ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà. A ṣí yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan, a wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní bóyá wọ́n máa padà wá. Ìyá rẹ sá gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì sóòrùn, mo pọn omi. Ìrọ̀lẹ́, Ìyá Kọ̀ǹpútà ń kọjá lọ sílé, ó ní tòní jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo ní ibo ni wọ́n gbà kọjá. Ó ní wọ́n kàn wá, wọ́n wo yàrá, wọ́n lọ ni. Mo ní láìkí wa? Ó ní láìkí yín.

Ẹni tó wọ ilé onílé, tó wo yàrá rẹ̀, tó wo bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tó sì jáde láìkí i, kí ni wọ́n ń pè é níbi tí ìwọ wà? Níbí, olè là ń pè é. Mo ra àgádágodo tuntun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gá Awọnlẹ̀ pè mí. Ó kí mi tayọ̀tayọ̀, ó ní òun ti rí ìkànnì wa, òun ò mọ̀ pé a ní irú omi bẹ́ẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Mo ní a ní omi. Ó ní ṣé ó mọ́. Mo ní ìyá rẹ máa ń fọ inú rẹ̀ lóṣooṣù. Ó ní ṣé ó jìn. Mo ní bó bá kún, ó ga jù mí lọ. Ó ní ṣé àwọn ọmọ iṣẹ́ òun lè máa lò ó bí wọ́n bá tibi iṣẹ́ dé. Mo ní bí wọn ò bá lò ó, ta ni mo gbé e kalẹ̀ fún? Inú òun dùn, inú èmi náà dùn. Ẹnikẹ́ni kò tíì yin táńkì wa bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọjọ́ Ẹtì tí o dá fún mi, ó kù díẹ̀ kí n ránṣẹ́ sí ọ pé kí Ẹni Àkọ́kọ́ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó dé, òun àti méjì nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣòkòtò péńpé ni àwọn méjì náà wọ̀, wọ́n sì fi tọ́wẹ̀lì kọ́ ọrùn. Mo rò pé eruku ọ̀nà ni wọ́n fẹ́ fọ̀ kúrò lára. Ó ní omi náà dà. Mo mú wọn lọ sẹ́yìnkùlé, mo nawọ́ sókè sí táńkì. Wọ́n wo táńkì. Èmi náà wò ó, bóyá nǹkan ti ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wá béèrè pé ṣé orí páànù ni àwọn á ti máa bẹ́ sínú rẹ̀ ni.

Ọ̀gá Awọnlẹ̀ yọ fóònù, ó gbé e sí mi lójú. Orúkọ ilé wa ló wà lókè. Nísàlẹ̀ rẹ̀, omi aláwọ̀ ojú ọ̀run tó fẹ̀ bí oko ìdílé, àga funfun yí i ká, obìnrin kan tó dé fìlà ńlá sì dùbúlẹ̀ lẹ́bàá omi náà láìwọ nǹkan gidi kan. Àkọ́bí mi, n kò mọ obìnrin náà rí. Ìyá rẹ wá bẹjú wo fóònù, ó wo obìnrin yẹn, ó wá wo èmi. Títí di òní, kò tíì sọ ohun tó rò.

Ojú Ọ̀gá Awọnlẹ̀ yí padà. Ó ní Bàbá, ẹni tó bá lè parọ́ omi, báwo ni òun ṣe máa gba ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ gbọ́? Ó ní ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni ọ́fíìsì àwọn máa yan ilé, àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà tuntun sì ti fi fọ́ọ̀mù tiwọn ránṣẹ́. Ló bá wọ ọkọ̀. Láti ìgbà tí mo ti kọ́ ilé yìí, ẹnikẹ́ni kò tíì dúró níwájú rẹ̀ pè mí ní onírọ́. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣe é, ìwọ lo sì fà á.

Mo tún gba ọ̀dọ̀ Ìyá Kọ̀ǹpútà lọ, mi ò tilẹ̀ dúró de Akọ̀wé. Ó ní àwòrán yẹn bá Ẹni Àkọ́kọ́ wá ni, bí aṣọ tí wọ́n gbé kọ́ síta kí oníbàárà lè rí bó ṣe máa rí lọ́rùn, ìwọ lo yẹ kí o bọ́ ọ kí o fi tiwa rọ́pò kí o tó ṣílẹ̀kùn. O ò bọ́ ọ. Mo ní kó bọ́ ọ. Ó gbìyànjú, kò gbà fún un. Ó wá kà á fún mi pé ìwọ lo kọ ara rẹ sílẹ̀ bí onílé, pé èmi lo kọ sílẹ̀ bí olùrànlọ́wọ́. Ó ní mo lè mú ọ̀rọ̀ wá, mo lè mú àwòrán wá, àmọ́ wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ìwọ á fi fọwọ́ sí i. A pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, o ò gbé e.

Olùrànlọ́wọ́! Nínú ilé tí mo fọwọ́ ara mi po sìmẹ́ǹtì rẹ̀! Bí o bá ń ka lẹ́tà yìí tí ọkọ rẹ wà nítòsí, kà á sókè kí òun náà gbọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti yàn. Mo ní kó gba ilé fún Ẹnì Kejì kíákíá, kó kọ mí sílẹ̀ bí onílé, kó má fi orúkọ ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé e. Ó ní mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ kan tí màá máa fi ṣílẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè méfò. Akọ̀wé ti dé nígbà yẹn, mo ní kó bọ́ síta. Inú ń bí i títí di bí a ṣe ń kọ ọ́ yìí, àmọ́ mi ò ní sọ ọ́ fún òun náà.

Ìyá Kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé mi wálé, ó ya àwòrán yàrá wa ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà, ó ya táńkì, ó ní kí n dúró lẹ́bàá rẹ̀ kí wọ́n lè mọ bó ṣe ga tó. Ó wá bi mí pé kí ni òun máa kọ. Ohun tí mo ní kó kọ nìyí: Yàrá mẹ́fà ló wà níbí, ọ̀kan ti ní ẹni tó ń gbé e, ó ku márùn-ún. Bẹ́ẹ̀dì wa le díẹ̀, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn máa ń fẹ́ràn rẹ̀. Fáànù yàrá kẹta ń pariwo, ẹni tó bá ń hanrun ni a máa ń fi síbẹ̀, kí wọ́n jọ máa bá ara wọn fà á. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí yàrá kẹrin, ẹ gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ sókè díẹ̀. Omi wa wà nínú táńkì, ẹ lè fi wẹ̀, ẹ kò lè lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Obìnrin tó dé fìlà kò gbé ọ̀dọ̀ wa, a kò sì mọ ẹni tó bí i. Ẹni tó bá wo yàrá wa lórí ìkànnì yìí, kó kí wa kó tó lọ.

Ìyá Kọ̀ǹpútà ní òun kò tíì rí onílé àlejò tó ń sọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ báyìí. Akọ̀wé ní kí n tiẹ̀ yọ ti bẹ́ẹ̀dì kúrò. Mo ní ṣé bẹ́ẹ̀dì náà kò le ni. Ó ní ó le. Mo ní ó parí. Obìnrin náà fi ibi kan hàn mí, ó ní bí èèyàn bá ti tẹ ibẹ̀, gbogbo ayé ti rí i. Mo nawọ́, mo fi ìka mi tẹ̀ ẹ́. N kò dúró de ẹnikẹ́ni kó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, mo ní kó fi ìkànnì tuntun náà ránṣẹ́ sórí fóònù Ọ̀gá Awọnlẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, Ìyá Kọ̀ǹpútà yà wá sọ fún wa pé àlejò mọ́kàndínlógún ló wá, pé mọ́kànlá nínú wọn kọ ìkíni síbẹ̀ fún wa. Ọ̀kan ní kí a kí obìnrin onífìlà tí a bá rí i. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi kò tíì lè rẹ́rìn-ín, ọjọ́ Ajé ni mò ń rò.

Ọjọ́ Ajé, mi ò gbé àga kankan síta. Mo ń gé koríko ẹ̀yìnkùlé nígbà tí fóònù dún. Ọ̀gá Awọnlẹ̀ ni. Ó ní àwọn ará ọ́fíìsì òun ka ohun tí a kọ, wọ́n kà á sókè fún ara wọn. Ó ní ọ̀gá wọn pátápátá sọ pé ẹni tó bá ti ẹnu ara rẹ̀ sọ àléébù ilẹ̀kùn rẹ̀ fún oníbàárà, àwọn lè kó ẹrù àwọn sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti kọ orúkọ sí yàrá márààrún, oṣù mẹ́fà. Ó ní kí n má bínú sí ohun tí òun sọ lẹ́yìnkùlé. Mo ní inú ṣì ń bí mi, àmọ́ kí wọ́n máa bọ̀, aṣọ bẹ́ẹ̀dì mọ́.

Nítorí náà, sọ fún ọkọ rẹ pé mo dúpẹ́, kó dá ẹrù rẹ̀ padà sínú yàrá yẹn, a kò wá mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kò pọ̀. Kọ́kọ́ dá Ẹni Àkọ́kọ́ dúró kó tó di pé ọjọ́ mẹ́rìnlá rẹ̀ pé, kó kó omi rẹ̀ àti obìnrin rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, fi owó ránṣẹ́ sí Ìyá Kọ̀ǹpútà, òun ló yọ owó ara rẹ̀ fi gba ilé ọdún kan fún Ẹnì Kejì, kó o sì fi nǹkan lé e fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, torí òun ni yóò máa bá mi ṣe àwọn àtúnṣe kí olè má baà wọlé. Fi owó fáànù kan kún un. Awò ojú Akọ̀wé sì ti sán lápá kan, òun kọ́ ló ní kí n sọ ọ́.

Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ wá kí wa nígbà ìsinmi àwọn ọmọ. Ẹ máa bọ̀, àmọ́ ẹ má kàn dé bẹ́ẹ̀, yàrá ti kún. Ìyá rẹ ní ẹ máa sùn lọ́dọ̀ òun. Mo ní bó ti wù kó rí, kí o kọ́kọ́ gba orí ìkànnì béèrè bíi gbogbo àlejò, kí o kọ orúkọ rẹ àti iye ọjọ́. Èmi ni onílé, èmi ni màá fọwọ́ sí i.

Ilẹ̀kùn tí o bá kàn, wọn yóò ṣí i fún ọ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ibi tí o bá sùn, wàá jí níbẹ̀ pẹ̀lú ìlera. Àwọn ọmọ rẹ yóò kọ́lé tí ìwọ náà á fẹ́ máa gbé, wọn ò sì ní pè ọ́ ní olùrànlọ́wọ́ níbẹ̀ láé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ. Ìka mi tí mo tẹ̀ síbí yìí, òun náà ni mo fi tẹ ti ìkànnì.